Orí Kẹfà: Sísin Kòkòrò Àtọ̀sí Lórí Àwo

Nínú gbogbo bakitéríà tí ẹ máa fọwọ́ kàn nínú lábù, díẹ̀ ló tètè ń kú tó ti àtọ̀sí. Afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, ó kú. Wọ́n gbé e sí fíríìjì, ó kú. Wọ́n fi òwú lásán gbà á, ọ̀rá inú òwú náà pa á. Bẹ́ẹ̀, tí kòkòrò yìí kan náà bá ti wà nínú ara ènìyàn, agídí ni: inú sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gbé e jẹ gan-an ló ń gbé, ó sì ti sọ oògùn lóríṣiríṣi di omi lásán. Àbùdá méjèèjì yìí ló mú kí a ya odidi orí kan sọ́tọ̀ fún un. Bí ẹ ti ń kà á, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: kí àwo tó wọ inú ínkúbétọ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́. Àwo tí nǹkan kan ò hù lórí rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí pé aláìsàn ò ní àtọ̀sí. Ó sì lè jẹ́ pé àwa la pa kòkòrò náà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá máa fọwọ́ sí èsì gbọ́dọ̀ lè sọ èwo ni.

Àwọn tó ń ba ihò ìtọ̀ jẹ́

Ọkùnrin tó bá wá sí ilé ìwòsàn pé ìtọ̀ ń ta òun, pé nǹkan funfun tàbí ọyún ń dà lójú ara òun, lè ní ọ̀kan nínú àrùn mélòó kan, ó sì lè ní méjì pọ̀. Neisseria gonorrhoeae ni kòkòrò àtọ̀sí, òun sì ni orí yìí dá lé. Chlamydia trachomatis ni èkejì, Mycoplasma genitalium ni ẹ̀kẹta. Àtọ̀sí sábà máa ń yọjú láàárín ọjọ́ 2 sí 5 lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ọyún rẹ̀ sì máa ń pọ̀, á nípọn. Ti Chlamydia máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ohun tó ń dà sì máa ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú lásán dá àrùn mọ̀. Mo ti rí ọyún tó nípọn tí kì í ṣe àtọ̀sí, mo sì ti rí omi tín-ínrín tó jẹ́ àtọ̀sí pọ́nńbélé.

Ní ti obìnrin, ọ̀rọ̀ náà ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni kì í mọ̀ rárá pé àwọn ní in. Ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ni kòkòrò náà fẹ́ràn jù lára wọn, ihò ìtọ̀ ló tẹ̀ lé e. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gòkè lọ dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, kí obìnrin náà máa wá ọmọ títí láìrí. Bó bá bímọ pẹ̀lú rẹ̀, ó lè kó sí ọmọ náà lójú. Nítorí náà, ẹ má rò pé àrùn ọkùnrin nìkan là ń bá jà.

Ní 1879 ni Albert Neisser, dókítà ọmọ ọdún 24 ní ìlú Breslau (Wrocław ni wọ́n ń pè é lónìí, Poland ló sì wà), rí kòkòrò yìí nínú ọyún àwọn aláìsàn. Rírí ló rí i. Kò tíì rí i sìn. Leistikow àti Löffler ló kọ́kọ́ mú un hù lẹ́yìn ara ènìyàn ní 1882. Ní 1885 ni Ernst Bumm wá sìn ín lórí omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tó sì fi hàn gbangba pé òun gan-an ló ń fa àrùn náà. Ẹ kíyè sí i pé ọdún mẹ́ta ló wà láàárín rírí àti sísìn, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọṣẹ́ dunjú ló ń ṣe é. Oúnjẹ rẹ̀ ló wọ́n.

Lọ́wọ́ aláìsàn

Ìbéèrè méjì ni ẹ gbọ́dọ̀ bi aláìsàn kí ẹ tó fọwọ́ kan swab, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Ìtìjú bo ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tó lè bí yín lè jókòó síwájú yín tí kò ní fẹ́ wo ojú yín. Ẹ kí i dáadáa, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ tọ̀ gbẹ̀yìn?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ ni kí n tó wọlé.”

“Ó dáa sà. Ẹ má bínú, ẹ bá wa jókòó díẹ̀, kí a tó gbà á.”

Ìtọ̀ máa ń fọ ọyún àti kòkòrò kúrò nínú ihò náà. Ó kéré tán, kó tó wákàtí kan lẹ́yìn tó tọ̀, bó bá sì lè tó méjì, ó dára jù.

Ìbéèrè kejì ni ti oògùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń kùnà. Bí ẹ bá bi í pé, “Ṣé ẹ ti lo oògùn kankan?” á ní rárá. Kì í ṣe pé ó ń parọ́. Lójú tirẹ̀, ohun tí dókítà bá kọ fúnni nìkan ló ń jẹ́ oògùn. Ẹ tún un bi: “Ẹ ò ra Ampiclox ní kẹ́mísìtì? Ẹ ò mu àgbo?” Nígbà náà ló máa ń rántí. “Háà, kápúsù méjì péré ni mo lò lánàá.” Kápúsù méjì ọ̀hún lè má wo àrùn náà sàn, ó sì lè tó láti má jẹ́ kí ohunkóhun hù lórí àwo. Ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú ọjọ́ tó lò ó. Ní ìlú wa, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn apakòkòrò lórí àtẹ láìsí ìwé dókítà, mi ò mọ àlàyé kan lórí fọ́ọ̀mù tó wúlò tó èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tí ẹ rẹ sínú omi iyọ̀ nu ẹnu ihò ìtọ̀. Bí ọyún bá ti ń kán fúnra rẹ̀, ẹ gbà á níbẹ̀, kò sídìí láti ki nǹkan bọ inú. Bí kò bá sí, swab tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ máa rọra tì wọ inú ihò náà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ẹ yí i po, kí ẹ dúró díẹ̀ kó mu, kí ẹ tó fà á jáde. Ó máa ń dùn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó máa dùn, ẹ má tàn wọ́n.

Ohun tí wọ́n fi ṣe orí swab ṣe pàtàkì. Òwú lásán ní àwọn ọ̀rá kan nínú tó ń pa kòkòrò àtọ̀sí. Èyí tí wọ́n fi Dacron tàbí rayon ṣe ló dára. Bó bá jẹ́ swab kan ṣoṣo lẹ ní, àwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kàn, kẹ́ ẹ tó wá yí i sórí gíláàsì. Gíláàsì kì í ṣe ohun tí wọ́n pa kòkòrò ara rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi swab kàn án, ìdọ̀tí gíláàsì lẹ ń gbé lọ sórí oúnjẹ. Yíyí sì ni mo wí, kì í ṣe fífi ra. Bí ẹ bá ń fi ra gíláàsì, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun á fọ́, ẹ ò sì ní lè mọ̀ bóyá inú wọn ni kòkòrò wà tàbí ẹ̀yìn wọn.

Ibi tó dára jù láti fi kòkòrò yìí sórí àwo ni ẹ̀gbẹ́ aláìsàn gan-an. Kí àwo ti jáde nínú fíríìjì tipẹ́, kó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n fi swab fa Z ńlá sí i lórí, kó tó di pé wọ́n fi lúùpù tí wọ́n ti jó nínú iná, tó sì ti tutù, tan án káàkiri. Bí lábù bá jìnnà, ẹ fi swab náà sínú oúnjẹ ìrìnàjò, èyí tí a fi ń gbé kòkòrò lọ sí lábù. Stuart ló ṣe èyí tó lókìkí ní 1954, Amies sì tún un ṣe ní 1967. Èyí tó ní èédú nínú ni kẹ́ ẹ wá, nítorí èédú máa ń gba májèlé mọ́ra. Kó dé lábù láàárín wákàtí 6, kó má sì kọjá 24 láéláé, nítorí bí wákàtí bá ti ń lọ ni àwọn tó ṣẹ́kù láàyè ń dín kù.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba ìtọ̀ nínú ife, ó gba swab, ó kó méjèèjì sínú fíríìjì kan náà títí ẹni tó máa gbé e á fi dé. Fún ìtọ̀ tí a fẹ́ fi wá Escherichia coli, ohun tó tọ́ ló ṣe, nítorí òtútù kò ní jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀ kọjá iye tó wà lára aláìsàn. Fún swab àtọ̀sí, ó ti pa á. Orí tábìlì ni swab àtọ̀sí ń gbé, níbi tí oòrùn kò ti ta sí i. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ara ògiri ní gbogbo yàrá tí wọ́n ti ń gba nǹkan àyẹ̀wò.

Gíláàsì kò dúró de àwo

Nígbà tí àwo bá wà nínú ooru, ẹ rẹ gíláàsì láró Gram. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ ti wà nínú Orí Kejì, n kò ní tún un sọ. Ohun tí ẹ ń wá ni kòkòrò pupa róbótó, méjìméjì, tí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi kọjú síra tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì funfun. Fún ọkùnrin tí ọyún ń dà lára rẹ̀, àyẹ̀wò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má tàsé: nínú 100 tó ní àtọ̀sí, ó máa ń mú ju 95 lọ. Dókítà lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fún obìnrin kò ṣeé gbára lé bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ara obìnrin ní ọ̀pọ̀ bakitéríà tirẹ̀ tó lè dàrú mọ́ ọn. Kò sì ṣeé lò fún ọ̀nà ọ̀fun. Níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sìn ín.

Oúnjẹ rẹ̀

Ágà ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ náà, ó máa ń dì bí ẹ̀kọ nígbà tó bá tutù. Ṣùgbọ́n ágà fúnra rẹ̀ ní àwọn ọ̀rá tó lè pa kòkòrò àtọ̀sí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi sítáàṣì àgbàdo sínú ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GC: sítáàṣì ni ó ń gba májèlé náà mọ́ra. Kòkòrò yìí tún fẹ́ irin, ó fẹ́ haemin, ó fẹ́ àwọn fítámì. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ṣùgbọ́n wọ́n há mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ó di dandan kí a fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ po ìpìlẹ̀ GC, ẹ sè é nínú ọ́tókléfù ní 121 °C fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ jẹ́ kó tutù sọ̀kalẹ̀ sí bíi 80 °C. Ẹ da ẹ̀jẹ̀ àgùntàn sí i, ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ máa rọra yí ìgò náà láìjẹ́ kó hó, títí pupa ẹ̀jẹ̀ á fi di àwọ̀ ilẹ̀. Ooru yìí ló fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, òun ló tún pa ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ba oúnjẹ jẹ́. Ágà ṣokoléètì ni wọ́n ń pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò sí ṣokoléètì kankan nínú rẹ̀. Bó bá ti tutù dé 50 °C, ẹ fi àfikún fítámì sí i, ẹ dà á sínú àwo. Ooru tó bá kọjá bó ti yẹ ń ba oúnjẹ náà jẹ́, èyí tí kò bá tó kò ní tú haemin sílẹ̀ tán. Ẹ lo tẹmọ́mítà, ẹ má fọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Ágà ṣokoléètì dára, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń hù lórí rẹ̀. Swab tó ti ojú ara obìnrin tàbí ihò ìdí wá máa ń kó kòkòrò mìíràn wá tí wọ́n á bo àtọ̀sí mọ́lẹ̀ láàárín òru kan. James Thayer àti John Martin ló yanjú ìyẹn ní Amẹ́ríkà láàárín 1964 sí 1966, nígbà tí wọ́n fi oògùn sínú oúnjẹ náà láti lé àwọn àlejò dànù. Nínú èyí tí a ń lò lónìí, vancomycin ń pa àwọn oní-Gram búlúù, colistin ń pa ọ̀pọ̀ oní-Gram pupa tí kì í ṣe Neisseria, nystatin ń pa olú, trimethoprim tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà sì ń dá Proteus dúró kó má rìn bo gbogbo àwo. Oògùn wọ̀nyí ò fara da ooru, nítorí náà ìgbà tí ágà bá ti sọ̀kalẹ̀ sí 50 °C ni wọ́n ń fi sí i.

Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn àtọ̀sí kan wà tí vancomycin fúnra rẹ̀ lè pa. Bí agbára lábù bá gbé e, àwo méjì ló yẹ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó ní oògùn, ọ̀kan tí kò ní.

Àbẹ́là

Kòkòrò yìí fẹ́ gáàsì carbon dioxide tó bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́ ọ̀rinrin, ó sì fẹ́ ooru 35 sí 36 °C. Ínkúbétọ̀ tó ń ṣe gáàsì fúnra rẹ̀ wọ́n lówó. Ohun tó ti ń gbà wá láti ìgbà pípẹ́ ni ìkòkò àbẹ́là, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ ọ́n ṣe kí ẹ tó jáde.

Ẹ mú ìkòkò onígíláàsì tó ní ìdérí tó le dan-in. Ẹ tẹ́ òwú tútù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ to àwọn àwo sí i ní ìdojúbolẹ̀, kí omi ìdérí má kán sórí ágà. Ẹ gbé àbẹ́là funfun kékeré sí ibi tí iná rẹ̀ kò ti ní jó àwo, ẹ tàn án, ẹ pa ìdérí dé. Iná náà á jó díẹ̀, á rẹ̀ sílẹ̀, á kú. Ìgbà tó bá kú, carbon dioxide inú ìkòkò ti tó bíi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tó kòkòrò àtọ̀sí láti hù. Ọ́ksíjìn ṣì kù nínú rẹ̀ dáadáa, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí kòkòrò yìí nílò rẹ̀. Àbẹ́là aláwọ̀ àti èyí tó ń ta sánsán kò dára, nítorí èéfín wọn lè pa ohun tí ẹ ń sìn. Bí iná bá kú kíá lẹ́yìn tí ẹ tàn án, ẹ má fi ṣe ìdùnnú: ó ṣeé ṣe kí ìkòkò kéré jù tàbí kí àbẹ́là ti tóbi jù. Bó bá kọ̀ tí kò kú, ìdérí ń jò.

Ìkòkò náà á wá wọ inú ínkúbétọ̀. Bí iná ìjọba bá lọ lóru, gáàsì ṣì wà nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ooru á máa lọ. Kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ ìwọ̀n tẹmọ́mítà sílẹ̀ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, kí ọ̀gá lè mọ̀ lọ́jọ́ kẹta ìdí tí àwo fi ń falẹ̀.

Kíka àwo

Ẹ wò ó ní wákàtí 24. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ dá a padà, ẹ tún un wò ní 48, àti ní 72. Kò sí àwo àtọ̀sí tí a ń dà nù lọ́jọ́ kejì. Agbo kòkòrò tí ẹ ń wá kéré, kò tó mìlímítà 1 nígbà tó kọ́kọ́ hù, ó jọ eérú lójú, ó ń dán, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá díẹ̀. Ẹ tẹ àwo náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná. Bí ẹ bá wò ó gbọọrọ láti òkè, ẹ lè má rí i.

Oxidase ló tẹ̀ lé e, mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí nítorí ó máa ń fi ara hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ kán omi oxidase sórí bébà àyẹ̀wò. Ẹ fi igi kékeré tàbí lúùpù oníke mú agbo kan, ẹ fi ra ibi tó tutù náà. Bó bá jẹ́ Neisseria, ojú ibẹ̀ á di àwọ̀ elésè àlùkò kí ẹ tó ka ìṣẹ́jú àáyá 10. Èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kó tó yí padà, ẹ má gbà á. Wáyà nichrome lè mú àwọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀, á sì tàn yín jẹ. Àwọn mìíràn máa ń kán omi náà sórí àwo tààrà. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń pa kòkòrò, nítorí náà kíá ni kẹ́ ẹ mú díẹ̀ nínú agbo náà lọ sórí àwo tuntun kó tó dúdú.

Bí oxidase bá mú àwọ̀ jáde, bó bá jẹ́ Gram pupa méjìméjì, bó bá jẹ́ pé ihò ìtọ̀ ọkùnrin ló ti wá, tó sì hù lórí àwo olóògùn, ẹ lè kọ ọ́ pé ó jọ àtọ̀sí. Kí ẹ tó lè kọ ọ́ pé àtọ̀sí ni, ó ku àyẹ̀wò ṣúgà. Kòkòrò àtọ̀sí ń lo glucose nìkan. Neisseria meningitidis tó ń fa àrùn awọ ọpọlọ ń lo glucose àti maltose. Neisseria lactamica ń lo méjèèjì, ó tún ń lo lactose. Moraxella catarrhalis kò lo ìkankan. Ẹ rántí pé ìbátan wọ̀nyí lè gbé ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn wọ́ọ́rọ́, kí àtọ̀sí má sì sí níbẹ̀ rárá.

Bó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ti gba swab, tàbí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ìwọ̀n náà yàtọ̀. Àyẹ̀wò ìdánimọ̀ méjì tí ọ̀nà wọn kò jọra ni kẹ́ ẹ ṣe, kí ẹ sì pa kòkòrò náà mọ́. Èsì yín lè gbé ẹnì kan dé ẹ̀wọ̀n, ó sì lè dá ọmọ kan padà sílé tí wọ́n ti ń ṣe é léṣe. “Ó jọ ọ́” kò tó níbẹ̀.

Ìdí tí a kò fi lè fi àwo sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ti ní ẹ̀rọ tó ń wá àbùdá kòkòrò nínú ìtọ̀ lásán láàárín wákàtí díẹ̀. Ó ń mú èyí tó wà láàyè, ó ń mú òkú rẹ̀, kò bìkítà fún fíríìjì, ó sì ń mú Chlamydia pọ̀ mọ́ ọn. Nínú wíwá àrùn, ó ju àwo lọ, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀rọ náà kò lè sọ fún yín oògùn tó máa pa kòkòrò tó wà lára aláìsàn yìí. Kòkòrò tó wà láàyè nìkan ló lè dáhùn ìyẹn.

Ìtàn oògùn àtọ̀sí kò dùn ún sọ. Sulfonamide ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1930. Láàárín ọdún díẹ̀, kòkòrò ti borí rẹ̀. Penicillin gba ipò rẹ̀ láti 1943. Ní 1976, wọ́n rí àtọ̀sí tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń gé penicillin sí wẹ́wẹ́, ní Amẹ́ríkà àti ní England. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà tan mọ́ ìlà-oòrùn Éṣíà. Àwọn tó wà ní Liverpool tan mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, agbègbè tiwa. Títí di òní, “plasmid Áfíríkà” ni ìwé ń pe ọ̀kan nínú èérún àbùdá tó ń gbé ẹ́ńsáìmù náà kiri. Ciprofloxacin náà ti lọ. Ní 2009, ní Kyoto ní Japan, wọ́n rí èyí tí ceftriaxone kò ràn. Ní 2018, ọkùnrin kan ní England ní èyí tí ceftriaxone àti azithromycin pọ̀ kò ràn, lẹ́yìn ìrìn àjò sí gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé àwọn àgbàlagbà tó kó àtọ̀sí ní 2020 nìkan tó mílíọ̀nù 82.4. Bí a kò bá sin kòkòrò yìí ní agbègbè wa, ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí ní ìlú tiwọn la ó máa fi tọ́jú àwọn ènìyàn wa.

Àyẹ̀wò ẹ́ńsáìmù rọrùn: ẹ fi agbo kòkòrò ra dísìkì nitrocefin, bó bá kúrò ní yẹ́lò di pupa, penicillin kò wúlò. Fún àwọn oògùn yòókù, ẹ po kòkòrò tó hù láàárín wákàtí 24 mọ́ omi títí ìdọ̀tí rẹ̀ á fi bá 0.5 McFarland dọ́gba, ẹ fi kun orí ágà GC tó ní àfikún fítámì láìsí ẹ̀jẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ to dísìkì sí i, ẹ dá a padà sínú carbon dioxide fún wákàtí 20 sí 24. Fún ceftriaxone 30 µg, bí àyíká tí kòkòrò kò ti hù bá tó mìlímítà 35, oògùn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nípa ìwọ̀n àjọ CLSI. Ẹ máa sin ATCC 49226, àtọ̀sí tí a ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ìyẹn bá jáde kọjá ààlà tirẹ̀, ẹ má fi èsì aláìsàn kankan jáde lọ́jọ́ náà.

Àwọn tí kò ní hù lórí àwo yìí

Chlamydia kò lè dá gbé: inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló ń pọ̀ sí. T'ang Fei-fan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà ló kọ́kọ́ rí i sìn nínú ẹyin adìyẹ, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1957. Lónìí, sẹ́ẹ̀lì McCoy ni wọ́n ń lò, ilé àyẹ̀wò díẹ̀ ló sì ní i. Ureaplasma ń fọ́ urea inú oúnjẹ olómi rẹ̀, àwọ̀ phenol red á kúrò ní yẹ́lò di pupa láìjẹ́ pé omi náà dàrú. Ti Mycoplasma genitalium le jù: ní 1981 ni wọ́n kéde rẹ̀, látara ọkùnrin méjì péré nínú 13 tí wọ́n yẹ̀ wò ní London, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kó tó hù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ àbùdá wá wọn. E. coli ní tirẹ̀ kò ní wàhálà, orí ágà CLED tàbí MacConkey ló ń hù, Orí Karùn-ún sì ti sọ ọ́ tán.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ọkùnrin ẹni ọdún 29 kan wá láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọyún ń dà lára rẹ̀ láti ọjọ́ 3 sẹ́yìn. Gíláàsì Gram fi kòkòrò pupa méjìméjì hàn nínú sẹ́ẹ̀lì funfun. Swab kejì wà nínú Amies eléèédú. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ló dé lábù. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn wákàtí 72, kò sí nǹkan kan lórí àwo Thayer-Martin, kò sì sí àwo ṣokoléètì. Nínú ìwé ínkúbétọ̀, iná lọ fún wákàtí 5 lóru Ọjọ́ Ajé, wọ́n kọ 29 °C sílẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù, àyè tí wọ́n fi ń kọ oògùn tí aláìsàn ti lò ṣófo.

Ẹ kọ gbogbo ibi tí kòkòrò náà ti lè kú tàbí tí oúnjẹ ti lè dí i lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ rò pé ó ṣeé ṣe jù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èsì náà gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe fi ránṣẹ́ sí dókítà, ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, láìlo ọ̀rọ̀ náà “kò ní àtọ̀sí.” Kí ni ẹ máa ní kí aláìsàn ṣe bó bá padà wá?